Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́: dígírì mélòó ló ti pọ̀ jù?

Olómi Kínnírà

Ẹ̀yin ará Àjílété, ẹ kú oòrùn o. Mo ní jẹnẹrétọ̀ 40 kVA kan tí mo fi ń ṣe omi inú ọ̀rá. Onísìlíńdà mẹ́rin ni, omi ló ń tù ú, inú ilé bílọ́ọ̀kù la tì í mọ́. Nígbà òjò, ọwọ́ géèjì rẹ̀ kì í kọjá dígírì 85 (Sẹ́síọ́ọ̀sì). Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀rùn ti gbóná janjan yìí, bó bá ti di agogo méjì ọ̀sán, yóò ti wà ní 97, 98. Lánàá ó kan 101, ló bá pa ara rẹ̀. Omi kò dínkù, ọ́ìlì kò dínkù, kò sí èéfín. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tún un ṣe ní 98 kì í ṣe nǹkan kan, pé kò sí ẹ̀rọ tí kì í gbóná nígbà ẹ̀rùn. Àbúrò mi ní kí n máa pa á bó bá ti kan 90. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Dígírì mélòó gan-an ló léwu?

Ẹlẹ́rọ Òkè Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, kò kàn sí èyí tó wo ibi tí ẹ̀rọ yín dúró sí.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí omi ń tù, láti 80 sí 95 ló ti ń fara balẹ̀ ṣiṣẹ́. Tẹ̀mósítáàtì inú ọ̀pọ̀ wọn, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń jẹ́ kí omi lọ tutù nínú rédíétọ̀, máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82, yóò sì ti ṣí tán bí omi bá fi máa súnmọ́ 95. Ẹni tó bá ń sá fún 90, ibi tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ náà gbé ló ń sá fún. Láti 95 sí 100, bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára lọ́sàn-án gangan, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì gbà á, àmọ́ kí ojú ẹni má kúrò lára géèjì. Bó bá ti kọjá 100, ẹ já lára iná tí ẹ gbé lé e. Bó bá dé 110, kò sí ìjiyàn mọ́, iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì yín wá ló ni àṣẹ ju èmi lọ o, torí iye dígírì tí wọ́n ní kí ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan sí òmíràn.

Kì í ṣe 98 ló bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín, bó ṣe ti 85 débẹ̀ ni. Nígbà òjò, tẹ̀mósítáàtì ló ń darí eré: á ṣí díẹ̀, á pa dé díẹ̀, omi á dúró sójú kan. Ní báyìí ó ti ṣí tán, kò sí ohun tó tún lè ṣí. Láti ibẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ ló ń pàṣẹ. Bí afẹ́fẹ́ tó ń wọ rédíétọ̀ bá fi dígírì 5 gbóná sí i, tí iná tí ẹ gbé lé ẹ̀rọ kò sì yí padà, omi náà yóò fi nǹkan bí 5 gòkè.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń ka géèjì omi nìkan. Nọ́ńbà méjì ni mo máa ń kọ sínú ìwé: ti omi, àti ti afẹ́fẹ́ tó ń wọ rédíétọ̀. Màá yọ ti afẹ́fẹ́ kúrò nínú ti omi. Omi 95, afẹ́fẹ́ 35, ó ku 60. Bó bá jẹ́ pé 60 yẹn náà ni lóṣù tó ń bọ̀, lábẹ́ iṣẹ́ kan náà, oòrùn ló ń dà á láàmú, rédíétọ̀ ò ṣẹ̀. Bó bá di 70, a jẹ́ pé nǹkan ti dí, tàbí bẹ́líìtì fáànù ti ń yọ̀.

Ẹ sọ fún wa, mélòó ni afẹ́fẹ́ ibi tí ẹ̀rọ yẹn wà? Ẹ má wo orí fóònù o, ti òjìji ìta ni fóònù ń sọ. Ẹ gbé tẹmọ́mítà sí ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ rédíétọ̀ gan-an.

Ọmọ Àjílété

Ẹ̀rọ tí wọ́n tì mọ́ inú ilé bílọ́ọ̀kù lóṣù kẹta, kí ló fẹ́ ṣe bí kò ṣe kó gbóná 😂

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ni mò ń kà. Mo fẹ́ fi díẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí omi bá ti kan 100, ó ti hó nìyẹn.

Bó bá jẹ́ omi inú ìkòkò ni, bẹ́ẹ̀ ni. Kódà kò ní dé 100 pé níbí, torí ìlú wa ga ju ìpele òkun lọ ní nǹkan bíi 340 mítà, nítorí náà díẹ̀ ni yóò kù kó pé 99 tí omi yóò ti máa hó. Àmọ́ rédíétọ̀ kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà àti sípíríìnì nínú, òun ló ń há ìfúnpá mọ́ omi. Ẹ wo orí ìdérí yẹn, ẹ óò rí 0.9 tàbí 1.1 tàbí 15 tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ìwọ̀n ìfúnpá ni wọ́n. Èyí tó bá jẹ́ 1 báà, tí í ṣe nǹkan bíi 15 psi, máa ń ti ibi tí omi lásán ti ń hó sókè dé nǹkan bí 120. Bó bá jẹ́ kúláàntì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, àti omi ní ìdajì-ìdajì, ó tún kọjá bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ọ̀gá olómi fi dé 101 tí omi rẹ̀ kò sì dà.

Ṣùgbọ́n bí rọ́bà ìdérí bá ti gan, ìfúnpá kò sí mọ́. Omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 99 lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìlíńdà, níbi tí irin ti gbóná jù, kó tó hó níbòmíràn. Oru á gba ipò omi níbẹ̀, oru kò sì lè gbé ooru kúrò lára irin bí omi ṣe ń gbé e. Géèjì lè máa sọ pé 99 nígbà tí tọ́pù, irin tó bo orí sìlíńdà, ti ń tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra rédíétọ̀ tuntun kí ẹ tó ra ìdérí tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ìdérí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà.

Dírébà Tákíè

Ẹ ṣeun jàre, ọmọ LAUTECH. Tèmi ni pé kí àwọn tó ń wa ọkọ̀ ńlá ará Amẹ́ríkà má fi géèjì bẹ̀rù. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ níṣẹ́ pariwo fún mi lójú ọ̀nà Ìlọrin pé “Bàbá, ó ti di 200 o!” Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Fárénháìtì ni géèjì yẹn ń kà. 200 yẹn, 93 ni nínú Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ohun tó bá wà láàárín 180 sí 205 lórí irú géèjì bẹ́ẹ̀, ó wà níbi tó yẹ. 212 ni 100 wa. 230 ni 110, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pariwo.

Olómi Kínnírà

Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́rọ, mo ti wọ̀n ọ́n. Agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: níta lábẹ́ igi máńgòrò, 36. Nínú yàrá ẹ̀rọ, níwájú rédíétọ̀, 47. Omi 98. A máa ń ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo, àwọn aládùúgbò ti fẹjọ́ sùn tẹ́lẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Òkè Àdó

98 yọ 47, 51. Rédíétọ̀ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti pààrọ̀ rẹ̀. Yàrá yín ló ń ṣàìsàn.

Ẹ wò ó. Fáànù ọkọ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ láti iwájú, ó ń gba inú rédíétọ̀ wọlé sára ẹ́ńjìnnì. Ti ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ fara kan ọltánétọ̀ (apá tó ń ṣe iná) àti ara ẹ́ńjìnnì, á ti gbóná kó tó dé rédíétọ̀, rédíétọ̀ á wá tì í síta. Bí kò bá wá sí ojú ihò tí yóò gbà jáde tààrà, á fẹ́ lu ògiri, á yí padà, fáànù á tún gbé e. Afẹ́fẹ́ kan náà ló ń yí po nínú yàrá yín, bó ṣe ń yí náà ló ń gbóná sí i. Dígírì 11 tó wà láàárín 36 àti 47, ibẹ̀ ló ti wá.

Ohun tí màá ṣe nìyí. Ẹ gé ògiri tó wà níwájú rédíétọ̀ kó fẹ̀ ju ojú rédíétọ̀ lọ, kẹ́ ẹ fi páànù ṣe ọ̀nà láti etí rédíétọ̀ dé ojú ihò náà, kó má sí àlàfo tí afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gbà padà. Ẹ fi kánfáàsì tàbí rọ́bà so ó mọ́ rédíétọ̀, torí ẹ̀rọ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ihò tí afẹ́fẹ́ tútù yóò gbà wọlé lẹ́yìn, ní ọ̀dọ̀ ọltánétọ̀, kó tóbi ju ti ìwájú, kó sì wà nísàlẹ̀ níbi tí òjìji wà. Ẹ má kọ ihò wíwọlé sí ẹ̀gbẹ́ ihò ìjáde. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ariwo, ẹ mọ ògiri kékeré kan síwájú ihò náà kó jìnnà díẹ̀, ariwo á lù ú, afẹ́fẹ́ á sì ráyè kọjá. Páìpù èéfín tó gba inú yàrá náà, ẹ wé e, ooru rẹ̀ pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Bí inú yàrá bá padà sí nǹkan bí 40, omi yóò padà sí nǹkan bí 91 lábẹ́ iṣẹ́ kan náà. Ẹ ò ní fi owó kankan kan ẹ́ńjìnnì.

Mẹkáníìkì Sábó

Ẹ̀yin ń fi ìṣirò pa ara yín. Yọ tẹ̀mósítáàtì dànù, ọ̀rọ̀ parí. Mo ti yọ ọ́ lára ọkọ̀ tí mi ò lè kà. Omi á máa sáré láìdúró, ẹ̀rọ á tutù. Àwọn tó ṣe é, ìlú yìnyín ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹlẹ́rọ Òkè Àdó

Ọ̀gá mẹ́ka, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lórí èyí, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ méjì ni tẹ̀mósítáàtì ń ṣe. Bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn wà ní gbayawu títí ayé. Omi kì í wá ọ̀nà tó le, apá kan nínú rẹ̀ kò ní dé rédíétọ̀ mọ́. Ní ọ̀sán gangan tí ẹ nílò rédíétọ̀ jù lọ ni omi ń ṣá a tì. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ á tutù jù láàárọ̀, á sì gbóná jù lọ́sàn-án.

Tútù jù náà kò dára. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní 60 nígbà gbogbo, dísẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kì í jó tán, ó ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, ó sì ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Sìlíńdà á jẹ kó tó tó àkókò. Ẹni tí ẹ yọ tiẹ̀ lónìí ni yóò padà wá bá yín fún ríìngì lọ́jọ́ iwájú. Bí tẹ̀mósítáàtì bá ti bàjẹ́, ẹ rà òmíràn. Kẹ́ ẹ tó fi sí i, ẹ so ó mọ́ okùn sínú omi tó ń gbóná lórí iná pẹ̀lú tẹmọ́mítà, ẹ wò ó bóyá ó ṣí ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára.

Mẹkáníìkì Sábó

Ti ọ̀nà àbùjá yẹn, mo gbà pé ó wà nínú àwọn kan. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín náà pé ayédèrú tẹ̀mósítáàtì kún ọjà, òmíràn kì í ṣí rárá, ìyẹn sì léwu ju pé kó má sí lọ.

Ẹlẹ́rọ Òkè Àdó

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ sè é wò nìyẹn.

Ìyá Gàrí Ìkòyí

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Tiyín ní géèjì, tèmi kò ní. Ẹ̀rọ Lísítà àtijọ́ ni mo fi ń rin ẹ̀gẹ́, àgbá omi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú páìpù méjì. Ọmọ mi náà ra ti Ṣáínà kékeré, èyí tí wọ́n ń bu omi sí lórí. Ti Ṣáínà yẹn máa ń hó kùtùkùtù bí ọbẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé kí n máa pa á bó bá ti ń hó? Ti Lísítà kì í hó láàárọ̀, àmọ́ bó bá ti di ọ̀sán, ara àgbá ò ṣé é fọwọ́ kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ méjèèjì kì í tutù bákan náà.

Ti Ṣáínà tí wọ́n ń bu omi sí lórí, kò ní rédíétọ̀. Híhó yẹn gan-an ni ọ̀nà tó ń gbà tutù: omi ń hó, oru ń gbé ooru lọ. Kò ní kọjá ibi tí omi ti ń hó, nǹkan bí 99, níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má pa á nítorí pé ó ń hó. Ẹ pa á bí omi bá ti fẹ́ tán. Ohun pupa tó léfòó lórí rẹ̀, tó ń rì bí omi bá ń lọ sílẹ̀, òun ni géèjì yín. Ẹ má jẹ́ kó rì pátápátá. Ẹ máa bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró dìgbà tó gbẹ. Bó bá sì gbẹ kí ẹ tó mọ̀, ẹ pa á, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù lórí irin tó gbóná bẹ́ẹ̀ á la á.

Ti Lísítà, omi kò gbọdọ̀ hó. Omi gbígbóná ń gba páìpù òkè lọ sínú àgbá, èyí tó tutù ń gba páìpù ìsàlẹ̀ padà, láìsí ẹ̀rọ tó ń tì í. Ìyẹn nìkan ló ń mú un yí po. Bí omi inú àgbá bá lọ sílẹ̀ ju ẹnu páìpù òkè lọ, kò ní yí po mọ́. Àgbá kún dé àárín, ẹ óò rò pé omi pọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa jóná. Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí ara àgbá, níbi tó ga ju páìpù òkè lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí omi kò bá tó ibẹ̀.

Ìdí tó fi ń gbóná lọ́sàn-án: mo ṣírò rẹ̀. Lísítà agbára ẹṣin 6, èyí tó ń yí ní ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, bó bá ń ṣe gbogbo agbára rẹ̀, ooru tó ń tì sínú àgbá 200 lítà tó láti fi nǹkan bíi dígírì 15 sí 20 gbé omi náà sókè láàárín wákàtí kan, bí ẹ bá yọ èyí tó ń sọnù sí afẹ́fẹ́. Bí omi bá jẹ́ 28 láàárọ̀ tí ẹ kò dákẹ́, nǹkan bí ọ̀sán ló máa ń súnmọ́ híhó. Ẹ fi àgbá kejì so mọ́ ti àkọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́jú kẹ́ ẹ sì sinmi lọ́sàn-án. Ẹ gbé àgbá sábẹ́ òjìji pẹ̀lú. Èmi ò mọ ìdí tí wọ́n fi máa ń gbé e sínú oòrùn.

Ọmọ Àjílété

Torí kí wọ́n lè fi omi gbígbóná wẹ̀ ni 😂 Màmá, ẹ má bínú.

Àgbẹ̀ Ìrẹsà

Ẹ jẹ́ kí àwa oníkatakata náà sọ tiwa. Ilẹ̀ ẹ̀rùn ni a ń kọ, eruku sì ni oúnjẹ wa. Lórí katakata, kì í ṣe inú rédíétọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dí, ìta ni. Pàǹtí koríko, ewé, eruku ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ojú nẹ́ẹ̀tì, iwájú rédíétọ̀ á sì bo bí aṣọ. Mo máa ń gbọ̀n ọ́n kí n tó kúrò lóko, kì í ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan.

Bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ fọ̀ ọ́ lódì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ti ọkọ̀ àti katakata, ẹ ti ẹ̀yìn, láti ọ̀dọ̀ fáànù, fẹ́ ẹ jáde síwájú. Ti jẹnẹrétọ̀ ọ̀gá olómi, ẹ ti ìta fẹ́ ẹ wọlé. Ẹni tó bá fi agbára omi tì í síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ńṣe ló ń tẹ eruku mọ́ àárín. Omi ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tó lágbára jù máa ń tẹ àwọn apá tín-ín-rín yẹn mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní ríbi gbà mọ́. Àti pé ọ́ìlì tó ń tú síta láti ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì máa ń so pọ̀ mọ́ eruku, ó á di bí ọ̀dà. Ọṣẹ ló máa ń tú u, omi lásán kò tó.

Fílítà afẹ́fẹ́ náà. Bó bá dí, afẹ́fẹ́ kò tó fún dísẹ́ẹ̀lì láti jó dáadáa, ẹ óò rí èéfín dúdú, ooru èéfín á sì lọ sókè kí géèjì omi tó mọ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò nípọn bí ti àárọ̀, ìdí nìyẹn tí katakata kì í fi ní agbára lọ́sàn-án bó ṣe ní láàárọ̀. Bí ẹ bá gbé ojú ọkọ́ tó ń kọlẹ̀ sókè díẹ̀ kó má wọlẹ̀ jù, iṣẹ́ ń lọ síwájú, ẹ̀rọ kò sì ní jìyà.

Dírébà Tákíè

Bó bá ti wá gbóná ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ òde òní ti ń ba ẹ̀rọ jẹ́.

Bí ẹ bá rí i pé ọwọ́ géèjì ń gòkè, tí omi ò sì dà, ẹ pa AC. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ̀rọ tó ń mú ooru wọ inú ọkọ̀, ẹ tàn án, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé. Á jẹ yín níyà, á gba ẹ̀rọ là. Ẹ má fi jíà ńlá wọ́ ọ gun òkè. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí jíà kékeré: ẹ́ńjìnnì á máa yí kíákíá, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń ti omi á máa yára, iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ á sì dínkù. Mo ń rí àwọn tó ń ṣe òdìkejì.

Bẹ́ ẹ bá dúró tán, tí omi ṣì wà, ẹ má yára pa á. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa yí ju ìgbà tó dúró lásán lọ díẹ̀, títí ọwọ́ géèjì yóò fi sọ̀kalẹ̀. Èyí tó ní tọ́bò (ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ ẹ́ńjìnnì), ó pọn dandan, torí ọ́ìlì tó dúró sójú kan nínú tọ́bò gbígbóná á jóná, á di èédú.

Ṣùgbọ́n bí họ́ọ̀sì bá bẹ́, tàbí omi ti dà nù, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má ronú nípa tọ́bò.

Ohun kan tí wọn kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́: bí géèjì bá ti wà lókè, tó wá já bọ́ sísàlẹ̀ lójijì, kì í ṣe ìròyìn ayọ̀. Sẹ́ńsọ̀, ohun tó ń wọn ooru omi fún géèjì, kò rí omi fara kàn mọ́, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, òun ló fi ń kà kékeré. Irin inú lọ́hùn-ún ń jóná. Ẹ pa á.

Ìdérí rédíétọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó gbóná. Ẹ fún họ́ọ̀sì òkè: bó bá ṣì le, tí kò sì ṣé é dì mú, ìfúnpá ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ojú èèyàn tí omi rédíétọ̀ bó.

Mẹkáníìkì Sábó

Dírébà ti sọ̀rọ̀. Kí n fi ti ọ́ìlì kún un, torí gbogbo yín ń sọ omi omi. Ọ́ìlì ló ń tu ìsàlẹ̀ písítìn àti bíárìnnì, omi kì í dé ibẹ̀. Bí omi bá wà ní 90, ọ́ìlì máa ń fi nǹkan bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbóná jù ú. Bó bá ń kọjá 120 nígbà gbogbo, ó ń gbó kíákíá. Bí ó bá fi 10 gbóná sí i, ìyára tó fi ń bàjẹ́ á di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ̀ pé ẹ̀rọ òun ti ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rùn, kó má dúró de iye wákàtí tí ìwé sọ kó tó pààrọ̀ ọ́ìlì. 15W-40 dáa fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì níbí. Ẹ má ra ti inú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní òǹtẹ̀.

Àti pé ẹ máa fa igi ọ́ìlì jáde wò. Bí ó bá ti funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́pù ti lọ. Ẹ má tan án mọ́. Bí ẹ bá sì rí i tí rédíétọ̀ ń yọ èéhó láìdákẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, èéfín sìlíńdà ló ń wọ omi. Nọ́sù (ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú sìlíńdà) tó ń jò náà lè fa ooru, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Olómi Kínnírà

A ti gé ògiri. Bírìkìlà ń ṣe ihò ẹ̀yìn lọ́wọ́. Ọ̀kan ṣì kù: omi kànga ẹ̀rọ wa ni mo ń bu sí rédíétọ̀. Ṣé ó léwu?

Ẹlẹ́rọ Òkè Àdó

Bí ó bá ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí kẹ́tùlù, yóò fi sílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì náà. Fẹ́ẹ́rẹ́ nǹkan yẹn lára sìlíńdà, ooru kò ní ráyè jáde dáadáa mọ́, géèjì omi kò sì ní sọ ọ́ fún yín, torí inú irin ni ooru á kó sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe omi inú ọ̀rá, bí omi yín bá ti gba inú ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ kúrò, ẹ lo ìyẹn, kẹ́ ẹ sì fi kúláàntì tòótọ́ pọ̀ mọ́ ọn ní ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ kọ. Omi lásán ló máa ń gbé ooru jù, àmọ́ ó ń jẹ́ kí irin dípẹtà. Kúláàntì kì í ṣe fún òtútù nìkan, nítorí ìpẹtà ni a ṣe ń lò ó níbí. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí omi ń kan ògiri sìlíńdà rẹ̀ tààrà, ìgbọ̀nrìrì ògiri náà máa ń dá ihò wẹ́wẹ́ sí i láti ẹ̀yìn bí kò bá sí ohun tó ń dáàbò bò ó nínú omi. Omi aláwọ̀ ewé tí kò ní àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ lára kì í ṣe kúláàntì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ìbọn ìgbóná wọn ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n fi ń wo iwájú orí nígbà Kòrónà kò wúlò, bó bá ti kọjá nǹkan bí 42 kò lè kà á. Ẹ ra ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ má yìn ín sí irin dídán, yóò purọ́ sísàlẹ̀. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ibi tí tẹ̀mósítáàtì wà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa yìn ín sí.

Ìyá Gàrí Ìkòyí

Ọmọ mi, ṣé kí n bu kúláàntì yẹn sínú àgbá Lísítà mi náà?

Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH

Rárá o, Màmá. Àgbá yín ṣí sílẹ̀, 200 lítà ni, owó ńlá á kàn gbẹ lọ ni, ó sì ní májèlé fún ewúrẹ́ àti adìẹ tó bá mu ún, àti ọmọdé. Omi òjò tí ẹ gbà mọ́ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ṣí ìsàlẹ̀ àgbá kí ẹrẹ̀ tó ti rọlẹ̀ dà nù kí iṣẹ́ oṣù yìí tó pọ̀, kẹ́ ẹ sì fi wáyà gún páìpù ìsàlẹ̀ wò, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ dí.